LÁTI ORÍ ÀBÍKÚ DÉ INÚ Ẹ̀JẸ̀: ÌTÀN ÀÌSÀN FÒNÍKÚ-FỌ̀LADÌDE LÁÀÁRÍN WA

 

Ẹni tó bá ń gba Airport Road lọ, tó ń gbà á bọ̀, yóò máa rí pátákó àwọn ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni kì í so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ mọ́ bí wọn kò bá mú èsì rẹ̀ wá. Àwọn òbí wa kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ sọ ìtàn bí a ṣe dé ibi tí a dé yìí, nítorí pé bí a kò bá mọ ìtàn náà, ìmọ̀ tó yẹ kó tú wa sílẹ̀ lè tún di ẹgba tí a ó máa fi na ara wa.

NÍGBÀ TÍ A Ń PÈ É NÍ ÀBÍKÚ

Ọmọ méje ni ìyá mi bí, ó sì sin mẹ́ta nínú wọn. Kò sí èyí tó pé ọmọ ọdún márùn-ún nínú àwọn mẹ́ta náà. Àbíkú ni gbogbo ilé pè wọ́n. Yorùbá ní orúkọ lóríṣiríṣi fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí, àti Kòsọ́kọ́, tó túmọ̀ sí pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn wọ́n a gé ìka òkú ọmọ, tàbí kí wọ́n fi abẹ kọ ọ́ lára, kí ó má baà padà wá. Síbẹ̀, àwọn àgbà náà ló ń pa á lówe pé àbíkú sọ olóògùn dèké.

Èrò yìí kò mọ sọ́dọ̀ Yorùbá nìkan. Ogbanje ni àwọn Ìgbò ń pè é. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Wole Soyinka, ọmọ Kiagbodo níhìn-ín ní Delta sì ni J.P. Clark. Àwọn méjèèjì ló kọ ewì tó ń jẹ́ Àbíkú. Ẹkún kan náà ló wà ní ilé gbogbo wa.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a pè ní àbíkú ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde pa. Ibà pa nínú wọn, èéyi náà pa nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń kú léraléra mọ́ ìyá kan lọ́wọ́, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí ojú wọn ń pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú-pọ́njú ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ ni dókítà òde òní yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láyé ìgbà náà, ìyá ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Etí mi ni àwọn ẹbí bàbá mi ṣe sọ ọ́ pé ìyá mi ló rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó wà nínú oyún. Kò sí ẹni tó bi bàbá mi ní ohunkóhun.

BÍ WỌ́N ṢE RÍ I NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní ìlú Chicago, James Herrick, kọ ìwé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada, Walter Clement Noel. Nígbà tí wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé dípò kí ó rí róbótó, ó tẹ̀ bíi dòjé. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé inú hẹmoglóbìn, èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, ni àbùkù náà wà. Ọdún yẹn kan náà ni James Neel fi hàn pé láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń gba àìsàn yìí. Ní ọdún 1956, Vernon Ingram ní Cambridge rí i pé ibì kan ṣoṣo ni hẹmoglóbìn náà ti yàtọ̀. Bí ẹni tó kọ ìwé gígùn tó sì ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ ni.

Kí ló wá dé tó fi pọ̀ tó báyìí lọ́dọ̀ wa? Anthony Allison ló dáhùn ìbéèrè yẹn ní ọdún 1954: ibà kì í tètè pa ọmọ tó bá jẹ́ AS. Àwọn baba ńlá wa tó ní i ló yè bọ́ lọ́wọ́ ibà, tí wọ́n sì bí wa. Ní ọdún 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi gbé ìwádìí jáde pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara ẹnì kan ṣoṣo ni àbùdá yìí ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Yunifásítì Benin, ní ìtòsí wa níhìn-ín, ni Rotimi ti kàwé kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ẹ sì wo orúkọ tó ń jẹ́: Rótìmí wà lára orúkọ tí Yorùbá ń sọ àbíkú.

Nítorí náà, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní ọdún 2006 pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan tó ní àbùdá yìí, àti pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àìsàn náà lọ́dọọdún.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍLÉ TÈMI

Ní ọdún 1993, kí n tó gbéyàwó, mo ṣe àyẹ̀wò ní ilé àyẹ̀wò kan lójú ọ̀nà Airport Road yìí. AA ni wọ́n kọ fún mi. AS ni ìyàwó mi. Ọkàn wa balẹ̀, a ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí ọmọ wa kejì pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, igbe rẹ̀ kò jẹ́ kí ará ilé sùn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní SS ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ìwé, mo sì mọ̀ pé bàbá tó jẹ́ AA kì í bí SS. Mo kọjú sí ìyàwó mi, mo bi í pé ta ló ni ọmọ. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀. Dókítà yẹn ló ní kí n lọ tún tèmi ṣe níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. AS ni àwọn méjèèjì kọ. Èsì àkọ́kọ́ ni kò tọ̀nà.

Ohun tí àwọn ẹbí bàbá mi ṣe sí ìyá mi ni èmi náà ṣe sí ìyàwó mi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èmi mú ìwé lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì foríjì mí. Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

EWÉ, MÙDÙNMÚDÙN ÀTI ÀBÙDÁ

Àwọn èèyàn wa kò káwọ́ gbera. Àgbà kan láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ẹni-Ọ̀wọ̀ P.O. Ogunyale, fi àgbo tó mọ̀ han NIPRD, ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí lé e lórí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Niprisan. NAFDAC fọwọ́ sí i ní ọdún 2006. Ṣùgbọ́n Xechem, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe é jáde, kó sínú gbèsè ní ọdún 2008, oògùn náà sì di ọ̀wọ́n.

Ní ọdún 2011, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin gba mùdùnmúdùn eegun lára ọmọ kan, wọ́n fi sára ọmọ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ SS. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Èyí tó tún ya ayé lẹ́nu dé ní ọdún 2023. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kọkànlá, àti ti Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá, fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy. Nígbà tí ọmọ wà nínú ìyá rẹ̀, oríṣi hẹmoglóbìn mìíràn ló ń lò, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ SS fi máa ń le títí di nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kí ìrora tó dé. Nínú Casgevy, wọ́n á gba irúgbìn ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún àbùdá inú rẹ̀ ṣe kí ó lè padà máa ṣe hẹmoglóbìn inú oyún yẹn, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Ṣùgbọ́n 2.2 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà. Orílẹ̀-èdè wa ló ní aláìsàn jù, ọwọ́ wa kò sì tó oògùn náà.

KÍ NI KÍ ẸGBẸ́ WA ṢE?

A kò lè máa dúró de olówó. Ohun mẹ́ta ló wà ní ìkáwọ́ wa.

Èkíní, kí gbogbo ọ̀dọ́ wa ṣe àyẹ̀wò ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìfẹ́ tó wọra. Ẹ má gba ìwé kan ṣoṣo gbọ́.

Èkejì, kí àwọn tó jẹ́ AS tètè gbé ọmọ wọn lọ fún àyẹ̀wò ní kété tí wọ́n bá bí i, kí wọ́n má dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá wú. Oògùn pẹnisílì àti oògùn ibà tí dókítà bá kọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gba ẹ̀mí là. Oògùn hydroxyurea, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní ọdún 1998, náà ń dín ìrora kù bí dókítà bá ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ẹ̀kẹta, kí a yé wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, lẹ́tà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá ni. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yìí má ṣe pe ọmọ tó ń ṣàìsàn ní àbíkú mọ́, kí a má sì ṣe fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan ní ọsibítù.

Ìyá mi ti di olóògbé. Kò mọ̀ títí tó fi kú pé òun kò ṣẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì ń sọ ọ́ fún gbogbo yín.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.