Kámṣáàfù Tó Ń Sún: Ìtàn Àìsàn Kan Nínú Ẹ́ńjìnnì V8

Kámṣáàfù ni ọ̀pá irin tí gegele ara rẹ̀ ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì lásìkò, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n padà pa dé. Yíyí nìkan kọ́ ló ń ṣe. Bó ti ń yí ni agbára kan ń tì í síwájú tàbí sẹ́yìn nínú ihò rẹ̀. Ibi tí ìtì náà bá parí sí ni irin ti ń ha irin, tí ọ́ìlì kò bá sì débẹ̀ dáadáa, wọ́n á jẹ ara wọn.

Kí a tó dé orí V8 náà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìlú Grand Prairie, tó wà láàárín Dallas àti Fort Worth ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí wọ́n ti mọ ẹ́ńjìnnì tipẹ́. Ní 1941 ni North American Aviation bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bàlúù ogun. AT-6, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú, gba orúkọ Texan nítorí ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Pratt & Whitney R-1340 inú rẹ̀ kò ní kámṣáàfù gígùn, òrùka irin ló ń ṣiṣẹ́ náà. Arlington tó múlé tì í ni ọ̀rọ̀ tiwa ti kan agbègbè yìí: General Motors (GM), tó ni Chevrolet, ṣí ilé iṣẹ́ tó ń to mọ́tò pọ̀ síbẹ̀ ní 1954.

Ọdún mọ́tò 1955 ni Chevrolet gbé V8 kékeré rẹ̀ jáde. Wọn kò fi àwo irin kankan dá kámṣáàfù rẹ̀ dúró. Ọgbọ́n tí wọ́n lò dípò rẹ̀ ṣì ń wú mi lórí. Wọ́n gbẹ́ orí gegele kọ̀ọ̀kan kó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, débi tí ojú lásán kò lè rí i, wọ́n sì jẹ́ kí ìdí tápẹ́ẹ̀tì, irin tí gegele ń tì kí fáàfù lè ṣí, yọ díẹ̀ láàárín. Nítorí èyí, tápẹ́ẹ̀tì ń yí lórí gegele, kò jẹ lójú kan. Ohun kan náà yìí ló ń ti kámṣáàfù sẹ́yìn, tí ẹ̀yìn jíà ṣéènì rẹ̀ fi ń fara ti ojú bùlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi yanjú ìṣòro méjì.

Àmọ́ ojú bùlọ́ọ̀kù náà ló ń sanwó rẹ̀. Bí ó bá jẹ, kámṣáàfù á máa rìn. Eyín jíà tó ń yí dísíbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, dagun, nítorí náà bí kámṣáàfù bá sún, dísíbútọ̀ á yí díẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, iná púlọ́ọ̀gì á wá máa yá jù tàbí kó pẹ́ jù. Mẹ́káníìkì á tún táímìnì ṣe lónìí, á tún bàjẹ́ lọ́la, wọ́n á ní púlọ́ọ̀gì ló fà á. Bí ìsún náà bá pọ̀ jù, gegele lè lọ kan tápẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní 1987, GM bẹ̀rẹ̀ sí fi tápẹ́ẹ̀tì onírólà sínú V8 yìí. Ojú gegele ti rólà gún régé, kò dà sí ẹ̀gbẹ́ kan mọ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń ti kámṣáàfù sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi de àwo irin mọ́ iwájú rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ra kámṣáàfù rólà, wọ́n á kì í bọ bùlọ́ọ̀kù àtijọ́ tí kò ní àwo, wọ́n á dé e pa. Kámṣáàfù á bọ́ síwájú, á máa ha ìdérí ṣéènì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ fi bọ́tìnì ìdádúró síwájú kámṣáàfù, kó sì rí i pé ìdérí náà lágbára láti gbà á dúró.

Nígbà tí LS1, V8 tuntun ti GM, dé nínú mọ́tò Corvette 1997, àwo irin ti di ara ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí GM fọwọ́ sí fún ìsún kámṣáàfù LS1 jẹ́ 0.025 sí 0.305 milimita. Rọ́bà ẹ̀yìn àwo náà tún ń dí ojú ọ̀nà ọ́ìlì, nítorí náà bí rọ́bà bá ti pẹlẹbẹ, agbára ọ́ìlì á dín kù. Ìdílé ẹ́ńjìnnì yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tahoe àti Suburban tí ilé iṣẹ́ Arlington ti ń tò láti ìgbà tó ti jáwọ́ nínú mọ́tò Caprice ní 1996. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń dé Èkó ní tòkunbọ̀, ẹ̀yà ara wọn sì ń bọ́ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin.

Àtúnṣe rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwọ̀n. Kí a tó tú kámṣáàfù sílẹ̀, kí a gbé aago ìwọ̀n sí iwájú rẹ̀, kí a fà á, kí a tì í, kí a ka iye tó sún. Bí ẹ̀yìn jíà tàbí àwo bá jẹ, a pààrọ̀ wọn. Bí ojú bùlọ́ọ̀kù bá jẹ ńkọ́? Jíà tuntun lásán kò lè wò ó, nítorí ojú tó ti ní kòtò á tètè ba jíà náà jẹ. Ilé mọ̀ṣíìnì ni yóò gé e gún, kí wọ́n wá fi wáṣà bróǹsì tàbí bẹ́árìn pẹlẹbẹ sí i, kí wọ́n sì tún ìwọ̀n wò lẹ́yìn rẹ̀. Kí a sì ṣí ojú ọ̀nà ọ́ìlì débẹ̀, torí àìsí ọ́ìlì wà lára ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ jíjẹ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún V8 ṣe, ì báà jẹ́ ní Grand Prairie tàbí ní Mushin, ẹ béèrè iye tí kámṣáàfù yín ń sún lọ́wọ́ ẹni tó tò ó, kó kọ ọ́ sórí ìwé fún yín, kí ẹ tó san owó iṣẹ́.