Kékeré Ni A Ń Pẹ̀ka Ìrókò

Àwọn baba wa a máa wí pé kékeré ni a ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àrùn rí.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, gbajúgbajà olórin, ọmọ Abẹ́òkúta, kú ní Èkó ní ẹni ọdún 58. Dókítà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Dókítà sì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú. Síbẹ̀ Fẹlá kò fẹ́ ìtọ́jú ìṣègùn òyìnbó. Nígbà tí a fi mọ ohun tí ń ṣe é, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ikú náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, sọ fún àwọn oníròyìn pé àrùn éèdì ni ó pa àbúrò òun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà nígbà náà pé àrùn yìí wà; àwọn mìíràn a sì máa fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Bí ó bá wù ú, ì bá fi orúkọ mìíràn pe àìsàn náà. Ṣùgbọ́n ó fi òtítọ́ ṣáájú ìtìjú, kí àwọn tí ó wà láàyè lè gbọ́n.

Kí ni ewu tí ó wà nínú ìfònídónìí-fọ̀ladọ́la? Kòkòrò HIV lè wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀ láìsí àmì kankan. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò náà, ó ń pa àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí ń gbèjà ara. Bí wọ́n bá dínkù tán, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn a wọlé bí olè tí ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní in lè kó o ran ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Lóòótọ́, oògùn tí ń ká kòkòrò yìí lápá kò kò tí ì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa ní 1997. Ṣùgbọ́n ní 2006, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Ará Bódìjà kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé ilé ìwòsàn UCH ní Oríta Mẹ́fà. Ẹni tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí ó sì ń lò ó lójoojúmọ́, lè dàgbà, kí ó darúgbó. Bí kòkòrò náà bá dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe bẹ̀rù àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi ẹni tí àrùn yìí ń ṣe ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀gàn ni ó ń lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sápamọ́ títí ọjọ́ fi ń lọ lórí wọn. Ẹni tí ń fi aláìsàn ṣẹ̀sín ń bá ìrókò dàgbà ni.