Àjàyí tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin

Ẹ má wo ti ohùn mi tó há, ẹ̀fúùfù ló fà á. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lánàá lórí àwọn ọmọbìnrin tó ń ti Líbíà padà bọ̀ ló jẹ́ kí n gba èyí sílẹ̀. Ẹnì kan pè wọ́n ní ọjà tó ti bàjẹ́. Mi ò ní dárúkọ.

Àwa ọlọ́jà ló yẹ ká tètè mọ ohun tí ìràpadà jẹ́. A máa ń kọ ọ́ lórin ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi pé láti ọ̀run ló ti já bọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjà ni. Owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń kà sílẹ̀ kí èèyàn wọn tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Kódà, odò Escravos tó wà nítòsí wa níbí, tí gbogbo wa mọ̀ mọ epo rọ̀bì, "àwọn ẹrú" ni ìtumọ̀ orúkọ yẹn lédè àwọn Potogí.

Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣoògùn, ní apá Ìsẹ́yìn. Wọ́n kó Àjàyí, ọmọ nǹkan bí ọdún 12, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ní pàṣípààrọ̀ náà ò pé: wọ́n dá ẹṣin padà, wọ́n dá ọmọ padà! Ṣé ẹ gbọ́? Bá a ṣe ń dá bàtà tí ò bá ẹsẹ̀ mu padà. Nígbà tó yá, ó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa ta òun fún àwọn Potogí, ó sì gbìyànjú lóru láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà. Wọ́n tún fi tábà àti ọtí rà á kó tó dé Èkó.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ tó kó wọn. Mi ò ní yin Gẹ̀ẹ́sì jù, àwọn náà ta ẹrú títí di 1807. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí. Àjàyí ti bọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ò kúrò lára rẹ̀. Ó rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́, ó rò pé ẹran èèyàn ni. Ó rí ọta àgbá, ó rò pé orí àwọn tí wọ́n ti jẹ ni. Nínú Warri yìí tí pátákó ìdáǹdè kún ojú títì, a máa ń fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ìṣọ́ òru kan.

Ní Sàró, wọ́n kọ́ ọ ní ìwé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Ní 1825 ó ṣèrìbọmi, ó di Samuel Crowther. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìsọ̀ ní Igbudu, ibi iṣẹ́ káfíńtà yẹn ni kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀. Àdúrà nìkan kọ́ ni wọ́n fún un. Tí ẹ bá ní àyè ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ fi tó mi létí.

Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Àwọn aláwọ̀ funfun kan wọ́ ọ nílẹ̀ lórí iṣẹ́ Odò Ọya nígbà ogbó rẹ̀, kó tó kú ní 1891. Ìyẹn á gba ọjọ́ tirẹ̀.

Ti ìyá rẹ̀ ló ń dùn mí. Wọ́n ti ra Àfàlá padà, wọ́n tún jí i gbé lọ́nà ọjà, wọ́n tún rà á padà. Oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ara ìyá ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu ò gbé ọ̀rọ̀. Ní 1848 ó ṣèrìbọmi, orúkọ tó gbà sì ni Hánà, ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.