Ajá Ọdẹ Kí Ilẹ̀ Tó Di Ilé

Ṣaworo ni bàbá mi àgbà máa ń so mọ́ ajá lọ́rùn bó bá ń lọ dẹ ìgbẹ́ lẹ́yìn Èjìgbò ní Èkó. Àwọn ajá rẹ̀ kì í gbó lójú ipa ẹran. Ṣaworo ló ń sọ ibi tí wọ́n wọ̀ fún un. Bó bá ń dún kíkankíkan, wọ́n ń lé ẹran nìyẹn. Bó bá dákẹ́ lójijì, ajá ti dúró ti ihò òkété.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Ajá á ti imú bọ ẹnu ihò, á fa òórùn símú. Bí òkété ò bá sí nílé, á yà kúrò, kò ní fàkókò ọ̀gá rẹ̀ ṣòfò. Bó bá wà ńbẹ̀, ìrù ajá á le gbagidi, á sì máa fẹsẹ̀ halẹ̀. Ọdẹ á wá dí àwọn ẹnu yòókù, á fín èéfín sínú ihò. Kí bàbá tó gé ẹran fún ẹnikẹ́ni nílé, ajá á ti jẹ ìfun.

Àwọn ará Jámánì náà ní ajá tó ń fi imú ṣọdẹ, Deutsche Bracke. Gbígbó ni tirẹ̀ ń gbó lójú ipa ehoro, kí ọdẹ lè mọ ibi tó wà. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ: ẹgbẹ́ wà fún un ní ìlú Olpe láti 1896, òfin sì kà á léèwọ̀ láti fi irú ajá bẹ́ẹ̀ dẹ ìgbẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò tó 1,000 hẹ́kítà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Nítorí ilẹ̀ ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ajá ọdẹ tiwa. Oko àti igbó àwọn Àwórì ni agbègbè Èjìgbò yìí tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ dé Ìsọlọ̀, pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ṣí ní 1979, púlọ́ọ̀tì sì jẹ igbó tán. Nígbà ìkànìyàn 2006, èèyàn 621,509 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ tí Èjìgbò wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Ailegun ní Èjìgbò lónìí, ẹni tó ń ṣọ́ géètì lóru là ń pè lọ́dẹ, German shepherd tí Max von Stephanitz dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ní 1899 ló sì ń gbó lẹ́yìn géètì. Ajá ìbílẹ̀ wá ń jẹ ààtàn kiri. Ó dùn mí púpọ̀.

Bí ọdẹ àgbà bá ṣì kù nílé yín, ẹ bi í léèrè orúkọ àwọn ajá rẹ̀ àti bó ṣe kọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.