Yíyọ Ohun Àìfẹ́ Kúrò Nínú Àkójọ: Ìtàn Ìlànà Méjì Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

1.0 Ìfáárà

Ọ̀nà méjì ni ẹni tí ó fẹ́ se ẹ̀wà lè gbà ṣà á. Ó lè máa ṣa òkúta dànù nínú àwo kan náà. Ó sì lè máa ṣa ẹ̀wà gidi sínú àwo mìíràn. Ìlànà méjì yìí náà ni àwọn tí ó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ń lò láti yọ ohun àìfẹ́ kúrò nínú àkójọ. Kókó iṣẹ́ yìí ni pé àìtó àyè inú ẹ̀rọ ni ó gbé ìlànà kìíní lárugẹ, àti pé àṣìṣe tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde ni ó sọ ìkejì di ààyò.

2.0 Ìlànà Kìíní àti Ewu Rẹ̀

Ní ọdún 1958 ni John McCarthy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè LISP ní MIT, ní Amẹ́ríkà. Nínú LISP, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ ń tọ́ka sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ ẹyọ kan, kò ju pé kí ó yí ìtọ́ka èyí tí ó ṣáájú padà. Ọ̀nà yìí kò gba àyè tuntun. Ṣùgbọ́n bí apá mìíràn nínú ètò bá ń lo àkójọ kan náà, ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé yóò ti pòórá láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Ewu kejì wà nínú kíkà. Bí àkójọ kan bá jẹ́ 3, 4, 4, 5, tí ètò sì ń yọ 4 bí ó ti ń kà á lọ, ní kété tí ó bá yọ 4 tí ó wà ní ipò kejì, 4 tí ó kù yóò sún sí ipò náà. Nígbà tí òǹkà bá bọ́ sí ipò kẹta, 5 ni yóò bá níbẹ̀. Ètò náà kò ní dáṣẹ́ dúró. Èsì èké ni yóò gbé jáde.

3.0 Ìlànà Kejì àti Ọ̀rọ̀ Orúkọ

Common Lisp, tí ìwé Guy Steele ṣàlàyé ní ọdún 1984, fi orúkọ ya ìlànà méjèèjì sọ́tọ̀: REMOVE kì í fọwọ́ kan àkójọ àtijọ́, ṣùgbọ́n DELETE lè bà á jẹ́. Ìyàtọ̀ yìí kò hàn kedere níbi gbogbo. Nínú STL tí Alexander Stepanov àti Meng Lee ṣe, èyí tí ìgbìmọ̀ C++ tẹ́wọ́ gbà ní ọdún 1994, remove_if kì í dín gígùn àkójọ kù. Ńṣe ni ó ń kó èyí tí ó yẹ síwájú. erase ni yóò gé ìyókù. C++20 ni ó mú erase_if wá láti pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ní ti Python, Guido van Rossum dábàá ní ọdún 2005 pé kí a yọ filter fúnra rẹ̀ kúrò. filter kò kúrò. Ṣùgbọ́n láti Python 3.0 ti ọdún 2008, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń mú ohun tí ó yẹ jáde, bí a bá ti bèèrè.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìyípadà ìkẹyìn yìí fi hàn pé ìlànà kejì kò fi dandan béèrè àwo kejì mọ́. Síbẹ̀, ìlànà kìíní kò tíì kú, nítorí pé àyè ṣì wọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ òtítọ́ nípa ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú àwo.