Odòlayé Lórí Eré

Láyé giramafóònù, eré tí àwo ń sá ló ń pinnu ohùn olórin. Àwo ńlá ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Kékeré ń yí ní ìgbà 45. Tí a bá gbé àwo ńlá Odòlayé Àrẹ̀mú, ọ̀gá dadakúàdà Ìlọrin, sórí 45, ohùn bàbá á di ti ọmọdé. Síbẹ̀, a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ jọ gòkè ni. Àyè tí òwe fi ń wọni lára ló ń dín kù. Odòlayé ti kú láti 1997, kò lè tún un kọ fún wa mọ́. Ká sáré orin rẹ̀ lórí fóònù ò burú, àmọ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ọ bó ṣe kọ ọ́.