Kì Í Ṣe Gbà-Má-Bìínú: Ìtàn Òfin Ìpalára Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, pàápàá ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ṣe ènìyàn léṣe.

Bí ẹ̀rọ ìlagi bá gé ìka ọmọkùnrin kan níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ gbowó, ẹ mọ ohun tí ojú wa sábà máa ń rí. Ọ̀gá rẹ̀ á gbé e lọ sílé ìwòsàn, á san owó oògùn ọjọ́ kìíní. Ní ọjọ́ kẹta, á gbé ìrẹsì àti owó díẹ̀ wá kí i, á ní: "Gbà, má bìínú, bí Ọlọ́run ti fẹ́ ẹ ni." Bàbá ọmọ á dúpẹ́, ìyá rẹ̀ á dúpẹ́. Nígbà tó bá fi máa di oṣù méjì, ọ̀gá ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́. Ọmọ náà wà nílé, ó ń kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì di ọkọ́ mú.

A kò bú ọ̀gá náà. Inú rere ló ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá wu olóore ló ń ṣe oore, bí kò bá sì wù ú mọ́, kò sí ẹni tó lè bi í. Ẹ̀tọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tó tọ́ sí ẹni tí iṣẹ́ pa lára ti kúrò ní oore tipẹ́, ó ti di ẹ̀tọ́. Àwọn tó jà fún un jà pẹ́, ó sì tún pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn bàbá wa mọ nǹkan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ́ bá ṣá ẹnìkan lẹ́sẹ̀ nínú àáró, ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ jókòó dájọ́ ẹni tó jẹ̀bi kí wọ́n tó bá a ro oko rẹ̀. Wọ́n á ro ó. Wọ́n mọ̀ pé bó ti ṣe é lónìí, ó lè ṣe àwọn náà lọ́la. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe àáró. Ẹni tó ni ẹ̀rọ lè má mọ ilé ẹni tó ń bá a yí i.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí ilẹ̀ Faransé, nítorí láti ibẹ̀ ni òfin tiwa ti wá. Ní ọdún 1804, wọ́n kọ ìwé òfin ńlá kan níbẹ̀. Abala 1382 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi àṣìṣe rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn léṣe, òun ni yóò tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi hàn pé ọ̀gá ṣe àṣìṣe? Ẹni tó fara pa ni. Òun tó wà lórí ibùsùn, tí kò lówó lọ́yà, tí kò sì mọ bí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà, ni kí ó lọ wá ẹ̀rí wá sí kóòtù. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù iṣẹ́ tiwọn ń bà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni kò tilẹ̀ sí àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Irin gbó, ó já, ó pa ènìyàn. Kóòtù á ní kò sí ẹlẹ́bi, kí olúkúlùkù máa lọ sílé. Opó á gbé òkú ọkọ rẹ̀, á máa lọ.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Martin Nadaud, mọlémọlé ni, ará agbègbè Creuse. Láti abúlé wọn ni ó ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Paris ní ọdún 1830, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 14, láti lọ kọ́lé fún àwọn ẹlòmíràn. Ó mọ ohun tí a ń pè ní jíjá láti orí ilé, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ nígbà èwe. Nígbà tó dàgbà, àwọn ará ìlú rẹ̀ yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọdún 1880, ó gbé àbá kan síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí ó jẹ́ ọ̀gá ni yóò fi hàn pé òun kò jẹ̀bi, kí ó má jẹ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ọdún 18 ni wọ́n fi jiyàn lé e lórí. Àwọn ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì ń tì í sí ara wọn, bí ìgbà tí àgbà méjì ń ti gbèsè síra wọn lọ́rùn.

Àwọn aládùúgbò wọn kò dúró dè wọ́n. Jámánì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1884, lábẹ́ Bismarck. Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1897. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, ikú ọkùnrin kan ló tún mú ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n ń pè ní La Marie, ọkọ̀ kékeré tí í máa fa ọkọ̀ ńlá. Ìkòkò irin tó ń se omi di ooru nínú rẹ̀ bú gbàù, ó pa Teffaine, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ ni kò dára, kò sì sí bí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe lè mọ̀. Lábẹ́ èrò àtijọ́, opó rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1896, kóòtù tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà dá a pé ẹni tó bá ni ohun kan ni yóò dáhùn fún ibi tí ohun náà bá ṣe, bí kò tilẹ̀ ṣe àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ rí i pé ó sàn kí òfin kan wà tí yóò sọ iye tí àwọn yóò san, ju kí àwọn máa dúró de ohun tí adájọ́ bá rò lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1898 ni òfin náà jáde. Nadaud rí i. Oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an ni ó kú.

Ẹ fetí sí bí òfin náà ṣe rí, nítorí ìdúnàádúrà ni. Òṣìṣẹ́ kò ní láti fi ẹ̀bi ẹnikẹ́ni hàn mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ṣé lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀, tàbí nítorí iṣẹ́? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá yóò sanwó. Ní ìdàkejì, òṣìṣẹ́ kò lè béèrè gbogbo ohun tó pàdánù. Òfin ti wọn tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan yóò gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ karùn-ún lọ. Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé yóò máa gba ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ọdún rẹ̀ títí tí yóò fi kú. Ẹni tí agbára rẹ̀ dín kù, ìdajì ohun tó dín kù ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀: bí ó bá ń gba 1,000 fránkì lọ́dún kí ìka rẹ̀ tó gé, tí iṣẹ́ tó lè ṣe báyìí kò mú ju 600 wọlé, 400 ló pàdánù. Wọn yóò máa san 200 fún un lọ́dọọdún. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, ìdá 20 nínú 100 owó ọdún rẹ̀ jẹ́ ti opó, àwọn ọmọ sì ní tiwọn.

Àwọn kan sọ pé ìdajì kéré. Lóòótọ́, kò pọ̀. Àmọ́ ẹ bi opó tí kóòtù ti lé lọ sílé lọ́wọ́ òfo, bóyá ìdajì kéré lójú tirẹ̀.

Òfin náà ní ihò. Àwọn àgbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àyàfi àwọn tí ń lo ẹ̀rọ. Ó di 1922 kí iṣẹ́ oko tó wọlé. Àìsàn tí iṣẹ́ ń fà kò sí níbẹ̀ títí di 1919, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba ti òjé àti ti mẹ́kúrì. Ihò kan sì wà tó yẹ kí àwa mọ̀. Bí òṣìṣẹ́ tó jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ mìíràn bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kò bá gbé ní ilẹ̀ Faransé lọ́jọ́ náà, wọn kò ní gba nǹkan kan. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lájò, tó ń fowó ránṣẹ́ sílé, yóò mọ ìtumọ̀ èyí láìsí àlàyé.

Àwa wá ńkọ́? Ní 1898 yẹn, àwọn ará Kétu ṣì ń tún ìlú wọn tò, èyí tí ogun Dàhómì fọ́ ní 1886. Faransé ti gba ilẹ̀. Ní ọdún 1900, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ojú irin láti Kútọnu lọ sókè. Ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911. Àwọn tó gé igbó, tó gbé òkúta, tó gbé irin lé èjìká, ọmọ wa ni wọ́n. Ìjọba á ní kí àwọn olóyè kó ọmọkùnrin wá, wọ́n á kó wọn wá. Ẹni tí a fi ipá mú síṣẹ́, ta ni yóò bá a ka ìwé òfin Paris? Àsíá kan náà ló ń fẹ́ lórí mọlémọlé Paris àti lórí ẹni tó ń gbé irin ní Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òfin 1898 kò gun ọkọ̀ wá bá wa.

Ní 1932 ni àṣẹ kan mú òfin ìpalára wọ gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọdún 34 ti kọjá. Iṣẹ́ ipá sì wà síbẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1946, nígbà tí òfin tí Houphouët-Boigny gbé dìde fòpin sí i. Láti ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 1947 títí di oṣù Kẹta 1948. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1952, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jákèjádò ilẹ̀ náà tún da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn aṣòfin ń fi òfin iṣẹ́ falẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún náà, òfin iṣẹ́ jáde, dúdú àti funfun lábẹ́ ìwé kan náà. Àṣẹ tó kan ìpalára gan-an tẹ̀lé e ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1957.

Àṣẹ 1957 yìí ni ìyá àwọn òfin tí a ń lò. Ó ka ọ̀nà iṣẹ́ mọ́ iṣẹ́: bí ìjàmbá bá ṣe ọ́ láàárín ilé rẹ àti ibi iṣẹ́, ìpalára iṣẹ́ ni. (Bí o bá yà síbi ẹmu, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.) Ó fún ọ̀gá ní wákàtí 48 láti fi ìjàmbá tó ìjọba létí. Bí ọ̀gá bá sì dákẹ́, ó gba òṣìṣẹ́ tàbí ẹbí rẹ̀ láyè láti sọ ọ́ fúnra wọn, títí ọdún kejì yóò fi parí.

Dàhómì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 1959. Tógò ṣe tirẹ̀ ní 1964. Dàhómì di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Òfin tí Bẹ̀nẹ̀ ń tẹ̀ lé báyìí jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 2003, àsìkò tí ilé owó tí a ti mọ̀ sí OBSS di CNSS. Ti Tógò jáde ní 2011. Ọmọ wa tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òfin Nàìjíríà ti 2010 ni kí ó béèrè, kì í ṣe èyí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀. Owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ fún CNSS, ti ọjọ́ ogbó ni. Ti ìpalára kì í ti ọwọ́ rẹ jáde rárá. Ọ̀gá nìkan ló ń san án: ní Bẹ̀nẹ̀, láti 1 dé 4 nínú 100 owó oṣù, bí ewu iṣẹ́ náà bá ti tó, ní Tógò, 2 nínú 100. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá sọ pé òun ń gé owó rẹ nítorí ìpalára ń tàn ọ́. Èyí tó kọ̀ láti forúkọ rẹ sílẹ̀ ti rú òfin.

Ibí yìí ni ìṣòro wa wà lónìí. Àgbẹ̀, oníṣòwò ọjà, oníṣẹ́ ọwọ́ tó dá dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí nínú ìwé CNSS. Ọmọ tó ń bá mọlémọlé ru bíríkì ní Kútọnu ní ọ̀gá, àmọ́ kò ní ìwé. Òfin 1898 mú ìbéèrè "ta ló jẹ̀bi?" kúrò, ìbéèrè tó rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ yìí ni "ta ló mọ̀ pé o ṣiṣẹ́ níbí?"

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń lọ síṣẹ́, kí ó tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù tí wọ́n bá fún un, kí ó sì lọ béèrè ní CNSS bóyá orúkọ òun wà níbẹ̀. Bí ìjàmbá bá ṣẹlẹ̀, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìjàmbá wá fún un láti fọwọ́ sí, tí kò sì mọ̀ ọ́n kà, kí ó má tíì tẹ̀ka. Kí ó pe ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan kí ó kà á sókè fún un, kí ó sì gbọ́ ohun mẹ́rin nínú rẹ̀: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, wákàtí tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àti orúkọ ẹni tó rí i.